Ẹni Tó Pe Ọmọdé Ní 'Ẹ̀yin'

Ìyá náà la ẹnu, ohùn kò jáde.

Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn nínú kọ̀ǹpútà, ó so ìró mọ́yà, ó fi ọwọ́ kan di òpó mú, ètè rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ọmọkùnrin kékeré tí ó ń bá sọ̀rọ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Àwa tí a yí kọ̀ǹpútà náà ká ń wò ó bákan náà.

"'Káàbọ̀. Ṣé o ti jẹun?'" Akínlọ́lá ló bá a sọ ọ́, bí ẹni ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ odi. "Ohun tó yẹ kí wọ́n máa sọ níbẹ̀ yẹn nìyẹn, mà. Ohùn màmá mi gan-an ni. Wọ́n ti lọ láti ọdún tó kọjá. Ohùn yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́, ẹnì kan sì ti jí i."

Ó jókòó gbì. Ọkùnrin tó ga ni, ó ti lé lógójì ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, àmọ́ bó ṣe jókòó yẹn, ẹ ó rò pé ọmú ni wọ́n já gbà lẹ́nu rẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí a jẹ́. Èmi ni Felicia, nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, oorun ń kùn mí, orí ibùsùn mi ló yẹ kí n wà. Ṣùgbọ́n Àǹtí Mosúnmọ́lá kì í wa mọ́tò gba Beltway, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí Washington ká. Obìnrin tí kò bẹ̀rù olè, tí kò bẹ̀rù òpùrọ́, ọkọ̀ àjàgbé ló ń bà á lẹ́rù, nítorí náà èmi ni dẹ́rẹ́bà ọ̀fẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó lọ wo ilé tí wọ́n ní iná jó, kí ó sì mọ̀ bóyá iná ló jó o ní tòótọ́ tàbí ọ̀kánjúwà. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí nǹkan bá sọnù láàárín àwa Yorùbá Maryland, láti Hyattsville títí dé Suitland, òun ni wọ́n ń pè lẹ́yìn ọlọ́pàá. Nígbà mìíràn sì rèé, ṣáájú ọlọ́pàá ni.

"Àwọn ọlọ́pàá ńkọ́?" ó bi Akínlọ́lá.

"Wọ́n wá, mà. Wọ́n ní kí ló sọnù. Mo ní hard drive kékeré kan ni, bíi pálí ìṣáná. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fún mi ní case number, wọ́n ní have a good day."

"Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn?"

"Èmi ni mo kọ̀. Rayyan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ gbé e sórí cloud. Mo ní rárá, mi ò fẹ́ kí ohùn màmá mi máa rìn kiri ibi tí mi ò mọ̀. Fóònù tí mo fi gbà á sílẹ̀ ti bàjẹ́. Friday yìí la fẹ́ gbé géèmù yìí jáde, mà. Bí ohùn yẹn kò bá padà, mi ò ní gbé e jáde mọ́ láéláé. Kí ni mo fẹ́ fi ìyá tó yadi ṣe?"

Ẹ̀yìnkùlé ni orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lójú Route 1, ní Riverdale Park. Géèmù ni wọ́n ń tẹ̀ jáde níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ti ìbọn àti bọ́ọ̀lù. Èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì ni Akínlọ́lá máa ń wá kiri, tí á bá àwọn tó ṣe é tà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé kí èèyàn ṣáà ru omi láti ìdí ẹ̀rọ délé láìjẹ́ kó dànù ni. Nínú òmíràn, yàrá dúdú ayafọ́tò kan n'Ílọrin ni èèyàn ó wà, tí á máa fọ fọ́tò àwọn tó ti kú. Àwọn tó ń rà á kò pọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti dé, wọn kì í lọ mọ́. Ará Finland kan tilẹ̀ kọ̀wé sí i pé eré omi yẹn pa òun lẹ́kún, bẹ́ẹ̀ òun kò dé ilẹ̀ Áfíríkà rí.

Èyí tí wọ́n jí ohùn inú rẹ̀ yìí, agbo ilé tiwọn gan-an n'Ìbàdàn ni, bó ṣe rí nígbà tí Akínlọ́lá jẹ́ ọmọ ọdún kan. 'Wọ́n Ń Pè Ọ́ Nílé' ni orúkọ rẹ̀. Ìyá á rán ọmọkùnrin kan níṣẹ́ pé kó lọ pe lágbájá wá. Ẹni tó ń ṣeré á yan bí ọmọ náà ó ṣe kí lágbájá àti bí yóò ṣe pè é. Bó bá kí i dáadáa, onítọ̀hún á dáhùn. Bó bá ṣi kí, gbogbo agbo ilé á fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kó tún un kí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo kànga, mo wo páànù tó dípẹtà, mo wo ọpọ́n ayò tí ẹnì kan gbàgbé síta, ọkàn mi fà sílé débi pé oorun dá lójú mi. Irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n ti wó o, ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí, mi ò sì ní fọ́tò kan ṣoṣo rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?" Àǹtí Mosúnmọ́lá béèrè.

"Sátidé. A pe àwọn èèyàn wá dán an wò, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ará mọ́ṣáláṣí, àwọn aládùúgbò. Rayyan ṣàlàyé fún gbogbo wọn bí a ṣe ṣe é. Nígbà tó di ọ̀sán, mo jáde lọ gbé pizza. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Sẹ̀kínát, ti gbé kúlà ìrẹsì wá kí n tó dé, owó pizza wá di òfò. Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, drive yẹn kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mọ́."

"Auntie, we know who took it," Rayyan sọ. Rayyan ló kọ géèmù náà. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, Maryland níbí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò burú, Akínlọ́lá ló kọ́ ọ. "Kọ̀ǹpútà yìí máa ń save bí gbogbo èèyàn ṣe ṣeré, ká lè mọ ibi tó le fún wọn, àmọ́ kì í save orúkọ. Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn, níbi tó dé ni ohùn ti gé. He pulled it out. Ẹ wá wò ó, ó pe baby ní 'ẹ̀yin'!"

Ó fi hàn wá. Nínú agbo ilé náà, ọmọ jòjòló kan jókòó sílẹ̀, ó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀. Akínlọ́lá fúnra rẹ̀ ni. Ìyá rán ọmọ pé kó pè é wá. Ẹni tó ń ṣeré náà fojú fo 'Wá, màmá ń pè ọ́', 'Ẹ wá, màmá ń pè yín' ló tẹ̀. Agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹni náà tún tẹ ohun kan náà. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Joshua ni," Akínlọ́lá sọ, ojú rẹ̀ pọ́n. "Òun náà ń tẹ géèmù jáde ní Hyattsville. Ó ti bẹ̀ mí títí pé kí n gbé èyí fún òun, mo kọ̀. Wọ́n kò sọ Yorùbá sí i létí rí nílé wọn. Ta ló tún lè máa pe ọmọ ọwọ́ ní 'ẹ̀yin'?"

"A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná," Àǹtí Mosúnmọ́lá dá a lóhùn. Ó yíjú sí Rayyan. "Ìwọ ńkọ́? Onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ní ìwọ àti ọ̀gá rẹ pariwo lé ara yín lórí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Rayyan wolẹ̀. "Nítorí ohùn yẹn náà ni. It's noisy. Fáànù wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ń ṣí, kí màmá tó sọ̀rọ̀. Mo ní kí computer bá wa ṣe òmíràn tó clean. Uncle bínú."

"Ó ní kí ẹ̀rọ fi màmá mi ṣeré," Akínlọ́lá sọ.

"Mo ti ní sorry."

"Ilẹ̀kùn ń ṣí, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀," Àǹtí Mosúnmọ́lá tún un sọ. Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀. Nínú mọ́tò ni mo ti bi í bóyá Rayyan kọ́ ni.

"Ọwọ́ rẹ̀ ni drive yẹn ń gbé lójoojúmọ́," ó ní. "Bó bá fẹ́ jí i, ṣé ọjọ́ tí èrò kún ilé ló máa mú? Òun ló sì kọ gbogbo ìdáhùn tó wà níbẹ̀. Kò ní jókòó tira rẹ̀, kó máa ṣeré tó ti mọ òpin rẹ̀. Wa mọ́tò rẹ, jọ̀ọ́, máa wo iwájú."

Joshua ń gbé nínú ilé kékeré kan ní Hyattsville, àpótí kún gbogbo pálọ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí wa, ó dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà," ó ní. Oòrùn ti ń lọ sí ìwọ̀.

"Jókòó, ọmọ mi."

"Thank you ma. Ṣé o fẹ́ omi?"

Mo pa ẹ̀rín mọ́ra. Àǹtí Mosúnmọ́lá kò tilẹ̀ mira. "Mo fẹ́ omi. Joshua, bí o bá bá ẹni tó ń dirun lọ́wọ́, báwo lo ṣe máa kí i?"

Ó ronú. "Ẹ kú... irun?"

"Aláró ńkọ́, tó ń pa aṣọ láró?"

"Mà, I'd just wave."

"Kí lo wá mú lọ́dọ̀ Akínlọ́lá ní Sátidé?"

Ó wá fa fóònù rẹ̀ yọ, ó gbé e lé wa lọ́wọ́. Fọ́tò ló kún ibẹ̀: òjò inú géèmù náà, bó ṣe ń já bọ́ láti orí páànù sínú garawa. "I took pictures. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe òjò yẹn. Àwa tó ń ṣe small games, a ò lè ṣe òjò báyẹn. It looks like what my dad used to talk about." Ojú tì í. "Mi ò fọwọ́ kan drive kankan. Mo ti ń lọ nígbà tí oúnjẹ dé. Èmi ni mo di ilẹ̀kùn mú fún auntie tó gbé kúlà."

"Lẹ́yìn tí o ti lọ ni wọ́n wọlé?"

"Yes ma."

Àǹtí Mosúnmọ́lá mu omi rẹ̀ tán kó tó dìde. Ní tèmi, àánú ọmọ náà ti ń ṣe mí.

A padà sí Riverdale Park. Ó ní kí Rayyan gbé eré ẹni tó kẹ́yìn yẹn fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Rayyan àti Akínlọ́lá sì lọ wá nǹkan jẹ. Nígbà tí wọ́n jáde tán, ó fà mí súnmọ́ kọ̀ǹpútà.

"Felicia, má wo ibi tó ti ṣì í. Wo ibi tó ti gbà á."

Mo wò ó. Ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ onídìrí, 'Ojú gbooro o' ló fi kí i. Ó dé ọ̀dọ̀ aláró, 'Àrẹ̀dú o' ló tẹ̀, láìṣiyèméjì. Èmi gan-an ì bá ronú kí n tó rántí ìyẹn.

"Joshua kọ́," mo ní.

"Joshua ti bọ́ síta. Máa wò ó."

Ọmọ ayálégbé kan ń ṣa òkúta lójúde. Ẹni náà tẹ 'Wá, màmá ń pè ọ́'. Ọmọ ayálégbé dìde. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn ọmọ ilé. 'Ẹ wá, màmá ń pè yín.' Àwọn méjì kékeré tó ń ta òkòtó, 'ẹ̀yin' ni. Ọmọ jòjòló tó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀, 'ẹ̀yin' ni.

"Ọmọ àlejò, 'ìwọ'. Ọmọ ilé, 'ẹ̀yin'," Àǹtí Mosúnmọ́lá sọ. "Wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò yí i padà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín, òmíràn ló máa dán wò. Ẹni tó dá lójú ló máa tún un tẹ̀. Ta ló ń pe ọmọ ọwọ́ ní 'ẹ̀yin', tí ó sì dá a lójú?"

Mo wò ó bí òpè.

"Ìwọ tí o ṣègbéyàwó ní kóòtù Baltimore, níbo lo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé ọkọ l'Ọ́yọ̀ọ́, ọmọ kan ń bẹ níbẹ̀ tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Èmi ni mò ń fọ ẹní ọ̀hún. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ tì í, pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ọkọ mi.' Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, kò gbọdọ̀ pè é ní 'ìwọ', ì báà jẹ́ àná ni wọ́n bí i."

"Ìyàwó ilé ni," mo ní. "Ìyàwó tó bá Akínlọ́lá nílẹ̀."

"Tó sì gbé kúlà ìrẹsì wá."

"Akínlọ́lá kò ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Láti ọmọ ọdún kan ni wọ́n ti ń pè é ní 'ẹ̀yin'. Ohun tó ti mọ́ èèyàn létí, kì í gbọ́ ọ mọ́."

Ìlú kékeré ni District Heights, òpópónà tí Àǹtí Sẹ̀kínát ń gbé sì pa rọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì ni òun náà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Opó ni, Bọ̀dá Lukman, ọkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Akínlọ́lá, ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ṣì mú ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́ra nínú ilé yẹn títí màmá fi dákẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún wa, ó wojú Àǹtí Mosúnmọ́lá, kò bi wá ohun tí a bá wá.

Drive náà wà lórí tábìlì, ó tẹ́ ańkáṣíìfù funfun sábẹ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ gbọ́ wọn ni," ó sọ, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. "Rayyan ní gbogbo ohun tí màmá sọ ló wà nínú rẹ̀. Mo ní kí n gbé e délé kí n gbọ́ wọn, kí n dá a padà lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe tì í bọ kọ̀ǹpútà mi, ó ní òun kò lè kà á, pé ṣé kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo rò pé mo ti pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì ni."

"Ṣé ẹ tẹ nǹkan kan, mà?" Àǹtí Mosúnmọ́lá béèrè.

"Mi ò tẹ nǹkan kan. Mo yọ ọ́. Láti ìgbà yẹn mi ò lè dá a padà, mi ò sì lè sùn."

"Ẹ kò ṣe ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Báwo ni màá ṣe béèrè? Nígbà tí màmá kú, àwọn èèyàn rọ́ wá síbí. Wọ́n kí àwọn ọmọ pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Èmi, 'ẹ kú ìtọ́jú' ni wọ́n kí mi. Bí ẹni pé iṣẹ́ mi ló parí." Ó nu ojú. "Ní Sátidé, mo rí gbogbo agbo ilé wa. Mo rí aláró, mo rí ayálégbé. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gbé mi wọlé. Mo wá ara mi kiri títí, mi ò sí níbẹ̀."

Ó dùn mí wọra. Mo ti wẹ ìyá ọkọ rí, mo mọ bí ó ṣe ń rí.

Àǹtí Mosúnmọ́lá pe Akínlọ́lá. Ó ní kó máa bọ̀, kó gbé kọ̀ǹpútà Rayyan dání. Nígbà tó wọlé, tó rí drive lórí tábìlì, ó dúró gbagidi. "Àǹtí? Ẹ̀yin?"

Àǹtí Sẹ̀kínát kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ má bínú." Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó pọn ọkùnrin yìí rí. Mi ò lè wò ó, mo gbójú sí fèrèsé.

"Tì í bọ kọ̀ǹpútà ná," Àǹtí Mosúnmọ́lá sọ. "Ìbínú lè dúró."

Akínlọ́lá mú drive náà. Ó tì í bọ inú rẹ̀. A gbọ́ fáànù. A gbọ́ ilẹ̀kùn tó ṣí, tó tún padé. Ohùn arúgbó kan, tó há díẹ̀, tó kún fún ìfẹ́, wá sọ pé, "Káàbọ̀. Ṣé o ti jẹun?"

Akínlọ́lá pa á, ó bojú. "Ó wà níbẹ̀. Màmá mi. Ọlọ́run ṣeun."

"Akínlọ́lá, níbo lo wà nígbà tí wọ́n sọ ọ́?"

"Lórí àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mà. Nínú ilé yìí náà. Mo wá kí wọn, mo sùn sọ́dọ̀ wọn. Mo tan fóònù sílẹ̀ kó máa gbà á torí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́. Oorun gbé mi lọ."

"Ẹni tó sùn sórí àga, ṣé ó ń ti ìta bọ̀? Ta ni wọ́n ń kí káàbọ̀?"

Ó yíjú wo ilẹ̀kùn.

"Jẹ́ kó máa lọ."

"Ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń pa á, mà. Mi ò lè gbọ́ kọjá ibẹ̀ rí. Ẹkún kì í jẹ́."

"Jẹ́ kó máa lọ, jọ̀ọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Fáànù. Ilẹ̀kùn. "Káàbọ̀. Ṣé o ti jẹun?" Ohùn mìíràn sì dáhùn láti òkèèrè, ohùn obìnrin tó ti rẹ̀: "Mo ti jẹun, mà." Màmá ní, "Irọ́ lò ń pa, Sẹ̀kínà. Bọ́ bàtà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ á ti wú. Wá bu nínú tèmi, mo fi sílẹ̀ dè ọ́ ni. Rọra o, Akin ń sùn."

Àǹtí Sẹ̀kínát ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di etí tábìlì mú, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Akínlọ́lá kúrò lórí àga. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí," ó ní, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá yín."

Ìgbà yẹn ni ẹkún Àǹtí Sẹ̀kínát tó bú jáde. Ó sun ún tó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún, a sì jẹ́ kí ó sun ún tán. Akínlọ́lá kò dìde títí ó fi dákẹ́.

"Ẹ̀yin ni wọ́n sọ ọ́ fún," ó ní nígbà tó yá. "Tiyín ni. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ jáde láìgbàṣẹ lọ́wọ́ yín. Màá fi yín sínú agbo ilé náà níbi tó yẹ yín, bó tilẹ̀ gba pé kí Friday kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n má lo ohùn wọn, mo gbọ́."

Àǹtí Sẹ̀kínát ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. A tún jọ gbọ́ ọ, láti orí fáànù títí dé ibi tí Akin ti ń sùn.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde," ó ní. "Ṣùgbọ́n, ọkọ mi, ẹ má gé ibi tí wọ́n ti ní irọ́ ni mò ń pa."